Ẹ wá sọ ìrírí yín: ta ni ó ti fi ọkà kíkan bọ́ adìẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ rí?

Ìyá Alágbébọ̀ (Ìbàdàn)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àgbébọ̀ méjìdínlógún, àkùkọ kan àti pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà ni mo ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé mi, owó oúnjẹ wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti èmi àti àwọn ọmọ mi lọ. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti ń rẹ àgbàdo àti ọkà bàbà sínú ike, tí mo ń jẹ́ kí omi fi ìka méjì ga jù ú lọ. Ní ọjọ́ kejì yóò ti máa ru bí ẹmu, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ti ògì; ní ọjọ́ kẹta ni mo máa ń sẹ́ ẹ fún wọn, tí n ó sì fi díẹ̀ nínú omíkan rẹ̀ pamọ́ láti fi bẹ̀rẹ̀ tuntun. Wọn kì í fi ẹsẹ̀ tú u dànù bí wọ́n ṣe ń tú oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú, ìgbẹ́ wọn kò sì rọ̀ mọ́. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ẹyin mẹ́rìnlá tí mo máa ń kó lójúmọ́ ti di mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ti dán an wò, kí ó jọ̀wọ́ sọ bí ó ti rí lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Ọmọ Ológì (Ìjẹ̀bú-Igbó)
Ìdí ìkòkò ògì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, adìẹ ilé wa kò sì mọ oúnjẹ mìíràn tí ó ju èèrí lọ. Bí àgbàdo bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta nínú omi ni ìyá mi máa ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, bí ó bá sì ti dé tí ó gbé asẹ́ lé agbada báyìí, gbogbo adìẹ àdúgbò, ti wa àti èyí tí kì í ṣe ti wa, yóò ti pé sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Àgbébọ̀ pupa kan wà nínú wọn tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Orí èèrí gan-an ni yóò gùn, yóò na ìyẹ́ rẹ̀ bo ohun tí ó bá lè bò, yóò sì máa jẹun lábẹ́ ara rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó jẹ́ tuntun nínú ohun tí ẹ ń sọ yìí?

Olùṣọ́ Ẹyin (Òṣogbo)
Èèrí kì í ṣe ọkà o. Ẹ ti mu ògì tán kí adìẹ tó kan ṣákálá.

Ọmọ Ológì
Ẹ kò parọ́, ṣùgbọ́n àwọn adìẹ wa ń jẹ̀ kiri. Ikán, tata, ewé tẹ̀tẹ̀, ohun gbogbo ni wọ́n ń ṣà jẹ kí wọ́n tó padà wá jẹ èèrí.

Dókítà Ẹran (Abẹ́òkúta)
Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹyin Ìyá Alágbébọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ìdá 8 sí 9 nínú 100 péré ni purotéènì tí ó wà nínú àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni adìẹ tí ó ń yé ẹyin ń fẹ́ tó ìdá 16, ó sì ń fẹ́ kálísíọ̀mù tí yóò tó ìdá mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin nínú 100 oúnjẹ rẹ̀ kí èèpo ẹyin tó lè le. Kíkan ọkà ní àǹfààní tirẹ̀: ásíìdì tí ó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn gbèrú, ó sì ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó ti há sínú ọkà sílẹ̀ kí ara adìẹ lè rí i lò. Ṣùgbọ́n kíkan kò lè sọ àgbàdo di ẹja. Ẹ jẹ́ kí ọkà kíkan jẹ́ àfikún, kí oúnjẹ ẹlẹ́yin tí ẹ ń rà jẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹ sì gún ìkarahun ìgbín sí ẹ̀gbẹ́ kan fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́, oúnjẹ ẹlẹ́yin náà gan-an ni kí ẹ pò mọ́ omíkan, kí ẹ má ṣe pò ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan lọ.

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ (Ẹ̀pẹ́)
Mo ti ń rò ó bóyá kí n sọ ìtàn yìí tàbí kí n dákẹ́. Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá pẹ́pẹ́yẹ mi sàba fún ọjọ́ márùndínlógójì, ó sì pa ọmọ mọ́kànlá. Nítorí pé adìẹ mi ń ṣe dáadáa lórí àgbàdo kíkan, mo ní kí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Mo lọ̀ ọ́ kúnná fún wọn, n kò sì fún wọn ní ohun mìíràn. Inú mi ń dùn pé mo ń ṣọ́ owó ná. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí i pé méjì nínú wọn ń jókòó jẹun. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, orúnkún wọn wú, ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀ wọnú bí ọrun. Wọ́n a fi ìyẹ́ wọ́ ara wọn dé ibi omi, wọ́n a mu, wọ́n a sì sùn síbẹ̀ nítorí pé wọn kò lè padà. Aládùúgbò mi kan ní ayé ni, òmíràn ní ilẹ̀ símẹ́ǹtì ni. Mẹ́rin ti kú kí n tó rí ẹni tí ó sọ fún mi pé fítámì kan tí wọ́n ń pè ní níásìn ni ó wọ́n wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò yíìsì ọtí àti ẹja gbígbẹ lílọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn. Márùn-ún dìde. Méjì ń tiro títí di òní, n kò sì lè pa wọ́n jẹ.

Ìyá Alágbébọ̀
Háà! Èmi tí mo ní ẹyin pẹ́pẹ́yẹ mẹ́sàn-án lábẹ́ ìyá wọn lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Àgbẹ̀ Alẹ́ (Ọ̀yọ́)
Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Síbẹ̀, èmi fara mọ́ ẹni tí ó sọ pé símẹ́ǹtì ni. Ọmọ ẹyẹ tí ó bá ń yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò là sọ́tùn-ún sósì ni, mo ti rí i lójú ara mi.

Dókítà Ẹran
Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹsẹ̀ tí ó là nítorí ilẹ̀ dídán máa ń hàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ọmọ náà jáde, ẹsẹ̀ méjèèjì a sì máa lọ sí ẹ̀gbẹ́. Orúnkún wíwú àti ẹsẹ̀ títẹ̀ tí Bàbá ṣàpèjúwe rẹ̀ jọ ti níásìn. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ń fẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 55 nínú kílò oúnjẹ kan, èyí tí ó ju ohun tí òròmọdìẹ ń fẹ́ lọ dáadáa, èyí tí ó sì wà nínú àgbàdo há mọ́ ọkà lára débi pé díẹ̀ ni ẹyẹ lè rí lò nínú rẹ̀.

Àgbẹ̀ Alẹ́
Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí Bàbá tẹ́ pàǹtí igi sí ilẹ̀ símẹ́ǹtì náà, n kò yí ìyẹn padà.

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ
Mo ti tẹ́ ẹ láti ọjọ́ náà. Mo ní kí n fún aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Peckham, London)
Ẹ máa dúpẹ́ pé ilé ni ẹ wà. Níhìn-ín, òfin kò gbà kí á fún adìẹ ní ohunkóhun tí ó ti gba inú ilé ìdáná kọjá, àfi bí gbogbo ilé náà kò bá ń jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà rárá. Nítorí náà, inú ahéré onígi tí ó wà nínú ọgbà ni mo ti ń rẹ àlìkámà fún àwọn mẹ́rin tí mo ní. Mo lè máa sẹ́ ògì tèmi nínú ilé kí wọ́n sì tò sí ojú gíláàsì ilẹ̀kùn kí wọ́n máa wò mí, n kò gbọdọ̀ jù wọ́n ní èèrí ẹyọ kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó tún di dandan ní England àti Wales pé kí ẹni tí ó ní ẹyẹ kan ṣoṣo pàápàá lọ forúkọ sílẹ̀.

Olùṣọ́ Ẹyin
Ta ni yóò wá ka èèrí mọ́ yín lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì
Bóyá ẹnikẹ́ni kò ní wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àríwísí lásán. Ní ọdún 2001, àrùn ẹnu àti ẹsẹ̀ ẹran jà ní orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àjẹkù oúnjẹ tí wọ́n fún ẹlẹ́dẹ̀ láìsè é. Ẹran tí wọ́n pa lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ẹni tí ó bá rí iná tí wọ́n fi ń sun màlúù lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà kò ní fi èèrí ṣeré.

Àgbẹ̀ Alẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí a lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo gbàgbé ọkà bàbà sínú kẹ́ẹ̀gì fún ọjọ́ mẹ́jọ nígbà tí mo lọ síbi òkú, ọmọ mi sì dà á fún adìẹ láìbéèrè. Nígbà tí mo dé, agogo méjì ọ̀sán ni àkùkọ ń kọ, ó ń kọ, kò dákẹ́, ó sì ń dojú kọ ògiri.

Ọmọ Ológì
Gbogbo àkùkọ ni ó ń kọ ní agogo méjì ọ̀sán. Ẹ kàn ń parọ́ mọ́ ọkà bàbà ni.

Àgbẹ̀ Alẹ́
Èmi kò bá a jà lórí kíkọ. Ògiri ni kí ẹ ṣàlàyé fún mi.

Oníkòkò (Ìlọrin)
Ẹ kò tíì sọ nǹkan kan nípa ohun tí ẹ ń rẹ ọkà sí. Mo lo garawa onírin tí wọ́n fi síńkì bò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí funfun lẹ́yìn oṣù méjì. Omi kíkan a máa jẹ síńkì, adìẹ a sì máa jẹ ẹ́ tẹ̀lé e. Ìkòkò amọ̀ tàbí ike ni kí ẹ lò.

Olùṣọ́ Ẹyin
Bẹ́ẹ̀ ni òórùn ń kọ́? Mo rí ọkà tèmi tí ó hu irun dúdú àti àwọ̀ ewé lójú omi ní àkókò òjò, mo sì kàn gbọ́n ọn kúrò ni, mo fún wọn.

Dókítà Ẹran
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Awọ funfun pẹlẹbẹ lójú omi kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti bu, tí ó hu irun, ẹ dà gbogbo rẹ̀ nù sí ibi tí adìẹ kò ní dé. Ẹ má sì ṣe ra àgbàdo tí ó ti bu nítorí pé ó pọ́ọ́kú, kí ẹ wá ní omíkan yóò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé kíkan pé yóò pa aflatoxin, oró tí ó máa ń wà nínú ọkà tí ó ti bu. Ní England ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sì kú pẹ̀lú wọn. Ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil, tí ó ti bu, ni ó fà á. Nínú gbogbo ẹyẹ ilé, pẹ́pẹ́yẹ wà lára àwọn tí oró yìí tètè máa ń mú.

Oníkòkò
Èmi tún gbọ́ pé ẹni tí ó bá ń fún adìẹ ní ọkà kíkan kò nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára lùkúlùkú (àrùn Newcastle) mọ́.

Dókítà Ẹran
Irọ́ gbáà ni, ẹ bá mi sọ fún ẹni tí ó sọ ọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1952 sí 1953 tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa àrùn náà ní Ìbàdàn ni ó ti ń pa adìẹ lórílẹ̀-èdè yìí, kò sì sí omíkan tí ó dá a dúró rí.

Ọmọ Ológì
Odidi hóró tí Ìyá Alágbébọ̀ ń fún wọn yìí, ṣé wọ́n ń rí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ jẹ? Àwọn àgbà kúkú ti bá adìẹ wí pé ó ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta mì, síbẹ̀ ó ń ráhùn pé òun kò ní eyín. Wọ́n ní ṣé ìdérègbè tí ó ní eyín ń gbé irin mì? Inú iwe ni eyín rẹ̀ wà. Bí ẹ bá sé wọn mọ́lé tí wọn kò rí òkúta, kí ni wọn yóò fi lọ ọkà náà?

Ìyá Alágbébọ̀
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Inú ilé ni wọ́n wà láti ìgbà tí ẹnì kan ti gbé méjì lọ, kò sì sí òkúta níbẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́wàá tí a ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, mo ti da yanrìn odò sí igun kan, mo gún ìkarahun, mo dín ọkà kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, mo sì dá oúnjẹ ẹlẹ́yin padà. Mọ́kànlá ni mo kó ní àárọ̀ yìí. Yíìsì àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó jáde.

Olùṣọ́ Ẹyin
Ọmọ Ológì, kí ni ó padà ṣẹlẹ̀ sí àgbébọ̀ olójú kan yẹn?

Ọmọ Ológì
Kì í ṣe ti wa. Ní ọdún kẹta ni ìyàwó telọ̀ tí ó wà lókè àdúgbò wá mú un, ó sì ní kí ìyá mi san owó ẹyin.