Àbọ̀ ìbéèrè: àkọsílẹ̀ 17 tó ń fa ìlà regression mọ́ra

Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé kí ló dé tí ìdagẹ̀rẹ̀ (slope) ìlà regression, ìyẹn ìlà tó ń fi bí y ṣe ń yí padà pẹ̀lú x hàn, fi ń já láti 1.8 sí 0.4 bí a bá yọ àkọsílẹ̀ 17 nìkan nínú 24. Ó ti yanjú, ẹ ṣeun.

Ìyókù rẹ̀ (residual, àlàfo tó wà láàárín y rẹ̀ àti ìlà) lásán kò lè tú u fó: 11 péré ni, nígbà tí ìyapa gbogbo ìyókù, ìyẹn bí wọ́n ṣe fọ́n ká tó, jẹ́ 8.8. Àmì tó bá dá dúró lọ́nà jíjìn ló máa ń fa ìlà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. x àwọn tó kù wà láàárín 2 sí 9. Tirẹ̀ jẹ́ 17. Leverage rẹ̀, ìyẹn agbára tí jíjìnnà x rẹ̀ fún un lórí ìlà, jẹ́ 0.60, bẹ́ẹ̀ ààlà 2p/n kò ju 0.17 lọ (p ni nọ́ńbà tí ìlà nílò, 2; n ni iye àkọsílẹ̀, 24). Ẹ fi 8.8 × √0.40 pín 11 (0.40 ni 1 − 0.60), ẹ ó rí 2.0. Cook's distance, òṣùwọ̀n bí èsì ṣe máa yí tó bí a bá yọ àmì náà, wá di (2²/2) × (0.6/0.4), ìyẹn 3. 1 gan-an ti tó láti kọminú sí.

Ọ̀nà Huber, regression tó ń dín agbára àwọn àmì tó ṣàjèjì kù, ò ràn án o! Bí ìyókù bá ti tóbi ló ń dín agbára àmì kù, kò sì wo ibi tí x wà. MM, ọ̀nà mìíràn tí àmì tí x rẹ̀ jìn kì í tètè fà, ni kẹ́ ẹ lò: iṣẹ́ lmrob nínú àkójọ robustbase ti R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò; ìdagẹ̀rẹ̀ tó mú wá jẹ́ 0.5.

Ẹ má kàn pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. A ti yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀nà, nítorí náà èsì méjèèjì, pẹ̀lú rẹ̀ àti láìsí i, la ó gbé jáde. Bí irú rẹ̀ bá jẹ́ méjì tó wà nítòsí ara wọn, wọ́n lè bo ara wọn láṣìírí: ẹ yọ wọ́n pọ̀, kì í ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.