Ìjìnnà, gígùn ọ̀nà àti àkókò ìfò: èwo ló yẹ ìrìn bàálù?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ dá a lábàá pé kí á máa pe bí pápákọ̀ òfuurufú kan ṣe jìnnà sí òmíràn ní "gígùn ọ̀nà òfuurufú", kí á sì máa pe àsìkò tí bàálù ń lò láàárín wọn ní "wákàtí ìfò". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun tó bá nà sílẹ̀ ló ń gùn: okùn, odò, títì. Ìjìnnà ní tirẹ̀ kò ṣeé sọ láìní ibi méjì lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé Àkúrẹ́ jìnnà sí Ìkòròdú, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ pé Àkúrẹ́ gùn sí Ìkòròdú. Ní Ìkòròdú níbí, ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò àti ẹni tó gba Mile 12 jọ ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Ìjìnnà kan náà ló wà níwájú wọn, gígùn ọ̀nà wọn ni kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ bàálù tilẹ̀ nílò ìyàtọ̀ yìí jùlọ. Bí a bá fa ìlà tààrà, pápákọ̀ Ìkẹjà jìnnà sí ti Àkúrẹ́ ní nǹkan bí 230 kìlómítà, nígbà tí ọ̀nà títì tó nǹkan bí 300. Bàálù pàápàá kì í tọ ìlà tààrà yẹn délẹ̀délẹ̀. Ojú ọ̀nà ìgbéra méjèèjì ní Ìkẹjà nà láti àríwá sí gúúsù, Àkúrẹ́ sì wà níhà ìlà-oòrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti òkun fẹ́ wá, òkun ni bàálù yóò dojú kọ láti gbéra, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó yí padà. Ẹ jẹ́ kí "ìjìnnà" dúró fún ìlà tààrà, kí "gígùn ọ̀nà" sì jẹ́ ti ipa tí awakọ̀ tọ̀ gan-an.

Ti àsìkò ló le. "Wákàtí" ti di ọgọ́ta ìṣẹ́jú lẹ́nu wa, ìrìn Ìkẹjà sí Àkúrẹ́ kì í sì í sábà pé wákàtí kan. "Àkókò" ló sàn. "Ìfò" nìkan kò sì tó, nítorí pé àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, ICAO, ń ka àsìkò yìí láti ìgbà tí bàálù bá ti kọ́kọ́ ṣípò láti lọ gbéra, títí tí yóò fi dúró pátápátá lẹ́yìn tó bá balẹ̀. Ẹni tó bá fi eré 800 kìlómítà ní wákàtí kan pín 230 yóò rí ìṣẹ́jú 17, yóò sì rò pé irọ́ ni ìwé àkókò ń pa, bẹ́ẹ̀ kò ka yíyí lórí ilẹ̀, gígòkè díẹ̀díẹ̀ àti sísọ̀kalẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ICAO ń kà ni mo fẹ́ kí á pè ní "àkókò ìrìn bàálù", kí "àkókò ìfò" sì mọ sí ìgbà tí táyà fi ilẹ̀ sílẹ̀ títí di ìgbà tó tún kàn án.

Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a lè kọ ọ́ báyìí: "Ìjìnnà pápákọ̀ Ìkẹjà sí ti Àkúrẹ́ jẹ́ nǹkan bí 230 kìlómítà, gígùn ọ̀nà bàálù máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, àkókò ìrìn rẹ̀ sì máa ń ju àkókò ìfò rẹ̀ lọ." Bí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ bá ṣe àjèjì létí ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èyí tí ẹ̀ ń lò ránṣẹ́.