Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí fọ́tò tí a fẹ́ kùn lórí kọ̀ǹpútà

Mo béèrè níbí bí mo ṣe lè mú fọ́tò ìyá mi àgbà, tí ó jẹ́ píksẹ̀lì (àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1200 ní ìbú àti 1500 ní òró, tóbi tó láti kùn lórí kọ̀ǹpútà, kí n sì tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì oníǹṣì 16 sí 20. Iṣẹ́ náà ti parí, ìdáhùn rẹ̀ sì nìyí.

Bí a bá yí iye píksẹ̀lì inú íǹṣì kan padà nìkan, bí fọ́tò yóò ṣe tóbi tó lórí bébà nìkan ni ó yí padà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá píksẹ̀lì tuntun, yóò máa fojú díwọ̀n àwọ̀ wọn láti ara àwọn tó yí wọn ká. Ní píksẹ̀lì 300 sí íǹṣì kan, kánfáàsì mi ń fẹ́ píksẹ̀lì 4800 ní ìbú àti 6000 ní òró, èyí tó sọ píksẹ̀lì kan ṣoṣo di 16. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, "Scale Image" (àṣẹ tó ń yí ìwọ̀n àwòrán padà) ni mo lò, mo sì yan "Cubic", ọ̀nà kan tó ń fojú díwọ̀n àwọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí "None", tí kì í fojú díwọ̀n rárá, ń sọ etí gèlè di ṣágiṣàgi.

Fọ́tò náà ṣe bàìbàì díẹ̀, èyí kò sì ba nǹkan kan jẹ́, nítorí búrọ́ọ̀ṣì orí kọ̀ǹpútà ni yóò tún gbogbo rẹ̀ fà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ sọ fọ́tò di ńlá kí a tó kùn ún: ìlà tí a fà lórí fọ́tò kékeré yóò fẹ̀, yóò sì ṣe bàìbàì, nígbà tí a bá mú un tóbi lẹ́yìn náà. Ìṣẹ́po gèlè tí mo fà ní ìwọ̀n tuntun yìí hàn ketekete, ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn.