Aago 5:30 ni kí n dì mú ni, àbí oorun?

Ẹ kú ìsinmi o. Láti ìgbà tí ọdún ti wọlé, aago 1 òru ni àlejò ń tú ká nílé, bẹ́ẹ̀ aago 5:30 ìdájí ni álàmù ń dún fún ìrìn ìṣẹ́jú 40. Mo sún ìrìn sí ìrọ̀lẹ́, àlejò tún gbà á. Mo sùn di aago 9 lọ́jọ́ méjì. Nígbà tó di alẹ́, oorun ò kùn mí títí di aago 2. Mi ò mu kọfí mọ́ tí ọ̀sán bá ti pọ́n. Mo ń rẹjú fún ìṣẹ́jú 20 lọ́sàn-án (tó bá kọjá 30, orí á kàn wúwo ni). Ti oúnjẹ ò le: abọ́ kékeré, kí ẹ̀fọ́ kọ́kọ́ gba ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́ 10 ló kù kí ìsinmi ọdún parí. Ṣé kí n di aago 5:30 mú pẹ̀lú oorun wákàtí mẹ́rin péré, àbí kí n máa jí ní aago 7, kí n gé ìrìn sí ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan? Èwo nínú méjèèjì ni ara á tètè bọ́ sípò lẹ́yìn rẹ̀?