Èsì: "ìnáwó ìjọba fún ìsọjí ọrọ̀ ajé"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀yọ́ ní ká máa pe owó tí ìjọba ń ná lẹ́yìn Kòrónà ní "ìnáwó ìjọba fún ìsọjí ọrọ̀ ajé tó dọ́gba, tó sì jẹ́ alálòpẹ́". Wọ́n ṣe gudugudu méje, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí n ta kò ó díẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

"Ìnáwó" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ká gbé kúrò. Tí mo bá délé sọ pé ìjọba fẹ́ ṣe ìnáwó, wọ́n á bi mí pé èló ni aṣọ ẹbí. "Owó tí ìjọba ń ná" ti tó. "Ìsọjí" ńkọ́? Nílùú tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ilé ẹ̀kọ́ oníwàásù sílẹ̀ ní 1898, ẹni tó bá gbọ́ ìsọjí á wá Bíbélì rẹ̀. Ẹni tó dìde lórí àìsàn, ṣebí a máa ń ní ó ti kọ́fẹ padà? Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ọdún 2020, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà lọ sílẹ̀ ní ìdá 6.1 nínú 100. Àìsàn gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó kọ́fẹ.

Orí "dọ́gba" gan-an ni ìjà mi wà. Nínú ètò 2.3 tírílíọ̀nù náírà tí ìgbìmọ̀ Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò gbé kalẹ̀ ní 2020, wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fáwọn oníṣẹ́ ọwọ́: 30,000 náírà fẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó dọ́gba, kò sí jiyàn-jiyàn. Àmọ́ ẹ mú télọ̀ méjì. Ọ̀kan ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Èkejì háyà ṣọ́ọ̀bù, ó ń san owó iná, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin sì ń wojú rẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán. Owó kan náà á ra òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún ti àkọ́kọ́, á tún ṣẹ́kù. Ti èkejì ò ní kúrò lọ́wọ́ onílé tó jẹ ní gbèsè látìgbà kónílé-ó-gbélé. Ẹni tí kò ní àkáǹtì báńkì ńkọ́?

"Kárí" ló wù mí. Àbúrò wa kan ti sọ pé ohun tó kárí lè má tó: ìyá olóúnjẹ lè pín ẹran kárí kó jẹ́ eegun ló kan ẹlòmíì. Òótọ́ ni. Mo wá fi "bó ṣe yẹ kálukú" kún un.

"Alálòpẹ́", aṣọ àti bàtà ló ni ín. "Tọ́jọ́" ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká lò. Ìrẹsì ìrànwọ́ kì í tọ́jọ́. Iná oòrùn tí ètò 2020 yẹn fẹ́ gbé dé ilé mílíọ̀nù 5 ni à bá pè bẹ́ẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa náà gbé ètò ìrànwọ́ kan tó ń jẹ́ SAfER jáde ní 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ẹ bá mi fi èyí wò ó: "owó tí ìjọba ń ná kí ọrọ̀ ajé lè kọ́fẹ padà, kó kárí bó ṣe yẹ kálukú, kó sì tọ́jọ́". Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá lè gé e kúrú láìgé ìtumọ̀ rẹ̀, kó gbé e wá.