Wọ́n fẹ́ ya àwòrán iṣan lymph (iṣan tó ń fa omi ara lọ) apá mi kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, kí ni kí n bi wọ́n?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún mi, wọ́n yọ àwọn kókó abíyá òsì, wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú ibẹ̀. A dúpẹ́, jẹjẹrẹ ti lọ, ṣùgbọ́n apá yẹn ń wú. Láàárọ̀ ó máa ń fúyẹ́, tó bá fi máa dalẹ́, apá bùbá á ti há. Dókítà ní àwọn lè so iṣan lymph mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kí omi tó kó jọ lè rí ọ̀nà gbà, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní abẹ́rẹ́ aró kan tó ń jẹ́ ICG, kí wọ́n fi ya àwòrán. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ya ọ̀kan tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi technetium, èròjà kan tó ń tan ìtànṣán, ṣe. Kí ló dé tíyẹn ò tó? Ṣé aró yìí ò ní ṣe mí ní jàǹbá? Ìyá mi ní Iléṣà ní kí n fi àdí wọ́ ọ, kí n má jẹ́ kí abẹ kàn án mọ́.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Inú tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mò ń ṣiṣẹ́, a máa ń ṣe é. Aró aláwọ̀ ewé ni ICG. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa fún yín, sábẹ́ awọ àárín ìka ọwọ́. Ó máa ń ta, àmọ́ kì í pẹ́ lọ. Wọ́n á wá fi kámẹ́rà tó ń rí ìtànṣán tí ojú wa ò lè rí tẹ̀lé aró náà bó ṣe ń gòkè. Ibi tí iṣan bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí ìlà tó gùn tààrà. Ibi tí omi bá ti ń jò sínú awọ, aró á fọ́n ká bí ìràwọ̀. Dókítà á fi bírò fa àwọn ìlà náà sára apá yín, ibẹ̀ ló sì máa là. Iṣan tí wọ́n ń wá yìí kì í sábà tó mílímítà kan, abẹ́ máíkírósíkópù ni wọ́n ti ń rán an. Láìsí àwòrán, ńṣe ni wọn yóò máa la awọ yín káàkiri.

Technetium ń fi hàn bóyá omi ń dé abíyá àti bó ṣe ń yá tó, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣú, kò lè tọ́ka sí iṣan kan pàtó. ICG náà kì í ríran kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sísàlẹ̀ awọ, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, kún un. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o jáde. Iodine wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ fún wọn bí iodine bá ti ṣe yín rí.

Mọ̀mọ́ Káyọ̀dé, Peckham
Àbúrò mi, èmi náà ya tèmi. Wọ́n wá ìlà tààrà títí, wọn ò rí i, aró náà kàn bo gbogbo apá mi ni. Dókítà ní síso iṣan nìkan ò lè ṣe é mọ́, torí ohun tó wà nínú apá mi ti kúrò ní omi, ó ti di ọ̀rá àti ẹran líle. Ọ̀rá yẹn ni wọ́n fà jáde, mo sì ń wọ ìbọ̀wọ́ gígùn tó ń fún apá tọ̀sán-tòru. Ó dùn mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n là mí lásán. Bi dókítà rẹ pé bí àwòrán ò bá dára, kí ló kù? Kó dáhùn kí ẹ tó dé tíátà o. Bi wọ́n ẹni tó máa sanwó pẹ̀lú, torí kì í ṣe ibi gbogbo ní England ni NHS, ètò ìlera ìjọba, ti ń san owó iṣẹ́ abẹ yìí.

Bá mi kí màmá. Àdí díẹ̀ kí awọ lè rọ̀ kò burú. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sín gbẹ́rẹ́ sí apá yẹn! Ojú ọgbẹ́ kékeré lè gba kòkòrò wọlé, apá á gbóná, á tún wú sí i.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ ṣeun gan-an ni. Nọ́ọ̀sì, tí mo bá jẹ edé, ara máa ń yún mi, ètè mi á wú. Wọ́n ní iodine wà nínú edé. Ṣé mi ò ní lè gba ICG nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Rárá mà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Púrótéènì inú edé ló ń bá ara yín jà, kì í ṣe iodine. Ẹ ṣáà sọ ọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo. Tí wọ́n bá ti fún yín ní ìbọ̀wọ́ tó ń fún apá, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ títí wọ́n á fi ní kí ẹ bọ́ ọ.