Báwo ni mo ṣe lè pàtẹ àdìrẹ kí ó fa ojú oníbàárà?

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ajé á wọ igbá.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí lára kó tó wọ aró, ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta, aró èlú gidi ni mo sì ń lò. Ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa níbí, wàhálà àtẹ ò sí, torí ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti mọ ohun tó ń wá. Àmọ́ tí mo bá kó ọjà lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Èkó, tábìlì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún mi. Bí mo bá to aṣọ léra, ti òkè nìkan làwọn èèyàn ń rí. Aṣọ ọlọ́nà Ìbàdàndùn tí a fara balẹ̀ fi ìyẹ́ adìẹ yà á wà nísàlẹ̀ bí ajigbèsè tó sá pamọ́. Bí mo bá sì fi kọ́ síta, oòrùn á ṣá a.

Èyí tó wá burú jù ni aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ bí àdìrẹ, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní owó pọ́ọ́kú. Oníbàárà á fọwọ́ pa tèmi, á béèrè iye, á rẹ́rìn-ín, á kọjá. (Mi ò bínú sí wọn o, ta ló fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n?)

Mo ń rò ó pé kí n gbé abọ́ ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ síwájú, kí n máa ya aṣọ lójú wọn. Ṣé ìyẹn ò ní dí ọjà lọ́wọ́? Ẹ̀yin tó ń lo ìkọ́ṣọ, ṣé onírin ni tàbí ọparun, tí afẹ́fẹ́ ò fi ní bì í wó? Ṣé ẹ máa ń kọ iye owó mọ́ ọjà, àbí kí wọ́n ná an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní fọ́tò àtẹ rẹ̀, kó fi hàn mí.